Kí Ìbọn Dúró sí Ìta Báńkì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ báńkì rí, ìbáà ṣe ní Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ìbáà ṣe nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Gbogbo wa la mọ ilẹ̀kùn onígíláàsì yẹn, èyí tí ó máa ń gba ènìyàn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó wọlé, yóò pa dé lẹ́yìn yín, ẹ ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dé mọ́ inú ìgò, títí èyí tí ó wà níwájú yóò fi ṣí. Bí kọ́kọ́rọ́ ilé bá pọ̀ lápò yín, ilẹ̀kùn lè kọ̀. Ìyá àgbàlagbà tí ó wá gba owó ìfẹ̀yìntì yóò padà sẹ́yìn, yóò tú báàgì rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, yóò yọ kọ́kọ́rọ́, yóò yọ fóònù, yóò yọ agbòjò tí irin wà lára rẹ̀, kí ó tó tún gbìyànjú. A kì í sábà bínú sí i, nítorí a mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn náà síbẹ̀. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń wá. Ìbọn ni.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ wa, nígbà tí ìyá yẹn ṣì ń tú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ bọ̀rọ̀kìnní kan lè dé. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, èyí tí kì í yẹ ẹnikẹ́ni wò. Bọ̀rọ̀kìnní á wọlé, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, AK-47 á wà láyà ẹ̀ṣọ́, ẹnu ìbọn á máa yí sí ibi tí ara rẹ̀ bá yí sí. Gbọ̀ngàn tí a kò jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wọ̀ ti gba ìbọn wọlé. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìbọn tí oníbàárà gbé wá, tàbí èyí tí ẹ̀ṣọ́ oníbàárà gbé tẹ̀ lé e, kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà báńkì, ẹni yòówù kí ó ni ín, aṣọ yòówù kí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó gbé e.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí òfin wí, nítorí àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá ti gba ìwé àṣẹ lè gbé ìbọn rẹ̀ lọ síbi tí ó bá wù ú. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti wà láti ọdún 1959, kí a tó gba òmìnira. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú àyàfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i, èyí tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀, àti ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, ìyẹn ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, tí òun náà kò ṣeé ní láìgba ìwé. Òfin náà sì ka àwọn tí kò yẹ kí ìwé bọ́ sí lọ́wọ́: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún tí ó ṣáájú. Àwọn tí ó kọ òfin yẹn mọ̀ pé ojú, orí àti ìbínú ẹni tí ó di ìbọn mú ṣe pàtàkì tó irin tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 náà fún wa ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ó sì gbà pé ènìyàn lè gbèjà ara rẹ̀ níwọ̀n tí ó bá tọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí ó ti ní ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà ni láti gbé ìbọn kiri.

Òfin kan tún wà tí mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí jù ú lọ. Ní 1986, ìjọba ṣe òfin fún àwọn ilé iṣẹ́ aláàbò aládàáni, ó sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn sìkiọ́rítì tí ń kí yín ní ẹnu ọ̀nà báńkì kò fi ní ju ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ara wò lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọlọ́pàá ni báńkì ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti di ìbọn mú níta. Ẹni tí báńkì ń san owó oṣù fún pé kí ó ṣọ́ ilé, òfin kò gbà á láyè láti gbé ìbọn. Ta wá ni àlejò tí yóò gbé tirẹ̀ wọ inú ilé náà?

Àlejò ni mo pè é, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Títì ìjọba kọ́ ni gbọ̀ngàn báńkì. Ilé onílé ni, onílé ló sì máa ń sọ bí wọn yóò ṣe wọ ilé òun. Àwọn tí ó fẹ́ràn ìbọn jù lọ láyé pàápàá kò jiyàn èyí. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní ìlú Houston, òfin ti gbà láti ọjọ́ kìíní ọdún 2016 pé kí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ fi ìbọn ìléwọ́ kọ́ ìbàdí ní gbangba. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 21 kò nílò ìwé mọ́. Síbẹ̀, òfin kan náà fún olówò ní àṣẹ láti gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbọn hàn wọlé. Wọ́n tilẹ̀ sọ bí lẹ́tà rẹ̀ yóò ti tóbi tó, wọ́n ní kí ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípéènì. Ẹni tí ó bá rí i tí ó sì kọjá ti ṣẹ̀, owó ìtanràn ni. Bí wọ́n bá fi ẹnu sọ fún un pé kí ó jáde tí ó kọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ di ńlá. Bí onílé bá ní ẹ̀tọ́ yìí ní Texas, kí ni máníjà báńkì ní Ilé-Ifẹ̀ ń bẹ̀rù?

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lọ́hùn-ún sì ti lo ẹ̀tọ́ náà. Starbucks, àwọn tí ń ta kọfí, gbìyànjú fún ìgbà pípẹ́ láti má ṣe dá sí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn olùfẹ́ ìbọn sọ ṣọ́ọ̀bù wọn di ibi ìpéjọpọ̀, wọ́n dá ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2013 pé àwọn yóò gbé ìbọn wá dúpẹ́. Newtown ní ìpínlẹ̀ Connecticut, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa ọmọdé 20 àti àgbà 6 ní ilé ìwé ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, wà lára ibi tí wọ́n fẹ́ lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí ó wà níbẹ̀ tètè ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Howard Schultz, kọ̀wé sí gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má gbé ìbọn wá mọ́. Walmart, tí òun fúnra rẹ̀ ń ta ìbọn, sọ ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn 23 ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní El Paso. Ọ̀tá ìbọn kọ́ ni àwọn olówò wọ̀nyí. Wọ́n kàn mọ̀ pé oníbàárà kì í fara balẹ̀ rajà níwájú ìbọn.

Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Àwọn baba wa ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí á kọjú ìbọn kọ òun? Ẹ gbọ́ òwe yẹn dáadáa. Kò bá wa dá sí bóyá ọta wà nínú rẹ̀, kò sì bèèrè bóyá ẹni tí ó dì í mú jẹ́ ènìyàn rere. Ojú ẹni tí ìbọn kọjú sí ló fi wò ó. Ẹni yẹn kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ìbọn, kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn, nítorí náà ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Ní 1987, Elizabeth Loftus, onímọ̀ nípa ìrántí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n ya ọkùnrin kan níwájú ẹni tí ń gbowó ní ilé oúnjẹ. Nínú àwòrán kan, sọ̀wédowó ló nà sí i. Nínú èkejì, ìbọn ni. Wọ́n ń ṣọ́ ibi tí ojú àwọn olùwòran ń lọ. Orí ìbọn ni ojú ń dúró sí, nígbà tí wọ́n sì bi wọ́n nípa ọkùnrin náà lẹ́yìn, àwọn tí ó rí ìbọn kò rántí ojú rẹ̀ tó àwọn tí ó rí sọ̀wédowó. Ẹ wá fi èyí sí ojú kaṣíà wa tí ó ń ka owó ní ọjọ́ tí owó oṣù wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ojú ènìyàn, láti wo ìbuwọ́lùwé, láti fura sí ẹni tí ó yẹ kí a fura sí. Ìbọn kan ṣoṣo tí ó dúró ní gbọ̀ngàn ti gba ojú yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtakò tí ó lágbára jù lọ ni èyí tí ó ní adigunjalè kò ní ka pátákó kankan, àti pé bí wọ́n bá dé, ẹni tí ó ní ìbọn nínú gbọ̀ngàn ló lè gba gbogbo ènìyàn là. N kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ ìlú náà. Báńkì kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Àgọ́ ọlọ́pàá ni. Wọ́n pa àwọn tí ó wà níbẹ̀, wọ́n kó ìbọn wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n tó kọjú sí àwọn báńkì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí ó kú lọ́jọ́ náà, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà nínú wọn. Ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn márùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ohun tí Ọ̀fà kọ́ wa ni pé bí olè bá rí ìbọn, ẹni tí ó ni ín ni yóò kọ́kọ́ pa, yóò sì fi ìbọn náà kún tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi àgọ́ ọlọ́pàá, kí ni ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo yóò ṣe láàárín àwọn ìyá tí ó jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn? Ọta tí wọ́n bá yìn sí i kò ní mọ ẹ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí ọmọ.

Kí a tilẹ̀ gbà pé ẹ̀ṣọ́ náà yára, ó sì mọ ìbọn í yìn. Báwo ni àwọn ọlọ́pàá tí ń sáré bọ̀ láti ìta yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Dallas ní Texas rí ìṣòro yìí ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2016. Ogún ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ gbé ìbọn gígùn wá sí ìwọ́de kan ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí òfin ti gbà wọ́n láyè. Nígbà tí apànìyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, tí ó sì pa ọlọ́pàá márùn-ún, àwọn ọlọ́pàá kò mọ ẹni tí wọn ì bá mú. Wọ́n fi àwòrán ọkùnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ hàn gbogbo ayé pé òun ni wọ́n ń wá, nítorí ìbọn tí ó kọ́ èjìká. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, David Brown, sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ìbọn tí àwọn ènìyàn gbé kiri ti mú iṣẹ́ àwọn nira. Ní Arvada ní Colorado, ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ọ̀rọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ará ìlú kan yìnbọn mú apànìyàn tí ó ti pa ọlọ́pàá balẹ̀. Akọni ni, ó gba ẹ̀mí là. Ọlọ́pàá tí ó dé rí i pẹ̀lú ìbọn apànìyàn lọ́wọ́, ó sì yìn ín pa. Àwọn tí ó ń sọ pé akọni kan lè wà nínú gbọ̀ngàn kò parọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àmì níwájú orí akọni tí ẹni tí ń sáré bọ̀ lè kà.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀, pé àwọn ajínigbé ń dọdẹ ènìyàn, pé lẹ́yìn ìkọlù tí ó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí nǹkan bí ogójì olùjọsìn bá a lọ, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá Yorùbá wí bí ó bá ń wá ìbọn. Ìrora Ọ̀wọ̀ kò tíì kúrò lára wa. Èmi náà wà lára àwọn tí ó gbà pé Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò tí àwọn gómìnà wa dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 2020, nílò ohun ìjà tí ó tó iṣẹ́ tí a gbé lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú igbó, ojú ọ̀nà oko àti ẹnubodè ìlú ni iṣẹ́ yẹn wà. Ilé-Ifẹ̀ kọ́ ni a ó ti máa sọ fún ènìyàn pé irin ṣe pàtàkì. Ní ọdún Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni máa ń dé adé Àrè, ó máa ń lọ sí Òkè Mògún, nítorí pé Ògún ni a ń bu ọlá fún. Ṣùgbọ́n Ògún ní àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún un, ó ní ọjọ́, ó ní àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń súnmọ́ ọn. Ọdẹ tí a kọ́ dáadáa sì mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí ẹnu ìbọn kọjú sí ènìyàn, ì báà ṣe eré. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ń gbèjà.

Mo tún fẹ́ kí a rántí oṣù Kejì ọdún 2023. Ìjọba àpapọ̀ yí àwọ̀ owó padà, tuntun kò kárí, ti àtijọ́ kò ṣeé ná. Láti ìdájí ni àwọn ènìyàn ti ń tò sí iwájú báńkì káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ebi ń pa wọ́n, owó wọn wà nínú ilé tí wọ́n dúró sí iwájú rẹ̀, wọn kò sì rí i gbà. Wọ́n kọlu àwọn báńkì ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ló pẹ̀tù sí i ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, nígbà tí ó pàṣẹ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún. Ẹ rò ó wò: nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, níbi tí ẹnìkan ti ta ìgúnpá lu ẹnìkejì, tí wọ́n ti ń bú kaṣíà, bí ọwọ́ bá ti wà lára apátí ìbọn tẹ́lẹ̀, kí ni ìbínú ń wá tí kò ní rí? Ilé-Ifẹ̀ mọ ohun tí ìbọn ń ṣe nígbà tí inú bá ń bí ènìyàn. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tí ó tún rú ní 1997 fi hàn wá. Ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn gbé ìbọn wọ ọgbà yunifásítì wa tí wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, fi hàn wá. A kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún fi hàn wá ní gbọ̀ngàn báńkì.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ènìyàn ńlá, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀ṣọ́ lọ gba Sífú Dìfẹ́ńsì. Àṣẹ náà dára, nítorí àgọ́ ọlọ́pàá nílò ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò tán ìṣòro tí mo ń sọ. Aṣọ ló yí padà; bí Sífú Dìfẹ́ńsì náà bá gbé ìbọn tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ wọ báńkì, ẹnu ìbọn kan náà ni ìyá tí ó wá gba owó ìfẹ̀yìntì yóò máa wò. Nítorí náà ọwọ́ báńkì ni ó wà. Kí ẹ̀ṣọ́ dúró nínú ọgbà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá tí báńkì fi síbẹ̀. Kí ọlọ́pàá tàbí sójà tí ó wá gba owó ara rẹ̀ fi ìbọn sílẹ̀ ní àgọ́ kí ó tó wá. Kí ọkọ̀ tí ń kó owó máa gba ẹ̀yìn, ní àkókò tí oníbàárà kò sí. Bọ̀rọ̀kìnní tí ẹ̀rù bá ń bà gidi, tí kò lè dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí ìbọn lẹ́yìn, lè fi fóònù fi owó ránṣẹ́, tàbí kí báńkì rán òṣìṣẹ́ sí i nílé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ààbò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ààbò ẹnìkan di ewu fún àádọ́ta ènìyàn.

Ẹ̀yin máníjà báńkì ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ẹ gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó èyí tí ojú àgbà lè kà. Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn, kí gbogbo ènìyàn máa gba ibì kan náà wọlé. Ẹ̀yin oníbàárà, bí ẹ bá rí ìbọn nínú gbọ̀ngàn, ẹ má bá ẹni tí ó gbé e jà, ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn. Ẹ rọra jáde, kí ẹ béèrè máníjà, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ẹ kò ní padà wọlé àfi bí ìbọn bá jáde.